Ọ̀rọ̀ tí Mo Sọ sí Wilf Garside Létí

Ẹ má tíì kọ orúkọ mi sára gbọ̀ngàn ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú Harthwaite. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ní ogójì ọdún, dókítà sì ní n kò ní í pẹ́ kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo yín.

Ẹ mọ̀ pé bàbá mi fi oyè àti gbogbo ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún mi, tí mo sì sá lọ bá àwọn abẹ̀ṣẹ́ tí ń pàgọ́ láti ọjà dé ọjà, tí ẹnikẹ́ni lè wọlé wá bá jà. Màmá Tansley tó ni àgọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo pé, "Ẹ wá na olóyè! Ta ló ti ń wù láti na onílé ẹ̀?" Èrò á ya wọlé. Mo máa ń sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé láàárín okùn tí wọ́n fi yí pèpéle ìjà ká, kò sí ọmọ olóyè, kò sí ọmọ darandaran. Òpùrọ́ ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà àgùntàn, Wilf Garside gorí pèpéle. Bàbá rẹ̀ ló ń da àgùntàn wa, ilé wa ni wọ́n sì ń gbé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ilé bọ́ nìyẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bọ̀, olúwa mi! Ẹyin mẹ́fà ni mo jẹ láàárọ̀ yìí nítorí yín." Kò pẹ́ tó fi fọ́ imú mi. Ó lù mí ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ dí mi lọ́fun, eyín mi méjì bọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ń ṣí fìlà fún mi lójoojúmọ́ ń kígbe pé, "Bá wa lù ú dáadáa, Wilf!" Ìtìjú yẹn dùn mí ju imú lọ. Mo rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni tó ti rẹ̀, mo sọ sí i létí pé, "Wilf, ilé ta ni ìyá rẹ máa sùn lálẹ́ òní?"

"Olúwa mi, ṣé eré lẹ ń ṣe?"

"Tún nà mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o wò ó."

Ó wo ojú mi, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀. Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Mo gbá a lágbọ̀n. Mo gbá a lẹ́bàá ojú títí awọ ibẹ̀ fi ya. Ó fẹ̀yìn ti okùn, kò ṣubú, kò gbọ́wọ́ sókè, mo sì ń gbá a nìṣó, inú mi ń dùn, Ọlọ́run gbọ́ mi, inú mi ń dùn. Nígbà tó ṣubú níkẹyìn, tí orí rẹ̀ gbá pákó, ó ró bí àpò ọkà. Kò dìde mọ́. Ọlọ́pàá kọ ọ́ pé ìjà tí kò ní màgòmágó ni.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́ òdòdó tí mo fi ránṣẹ́ síbi òkú. Ó ní, "Wilf fẹ́ràn yín, olúwa mi." Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ṣì lè máa gbé ilé náà?" Mo ní kò sí wàhálà. Ó tún dúpẹ́, mo sì gba ọpẹ́ náà.

Edith Garside, ìwọ àbúrò Wilf tó o jókòó níwájú yẹn, dárí jì mí. Bó ò bá lè ṣe é, o ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí agbára yín ò bá ká ẹnì kan, ẹ má fi ilé ìyá rẹ̀ nà án. Orúkọ Wilf ni kẹ́ ẹ kọ sára gbọ̀ngàn yẹn. Òun ló nà mí.