Àpótí Òfìfo Mẹ́rin

Inú mọ́tò tó ń ti Ṣakí lọ sí Ìgbòho ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín ìyá àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jọ jókòó níwájú mi.

"Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Jọ́jíà, nítòsí Rọ́ṣíà, ló fi í ránṣẹ́," ni ìyá náà wí, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i. "Àpótí òfìfo mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí wọ́n bá fi igbá òfìfo ránṣẹ́ sí, wọ́n ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, n ò gbé fóònù rẹ̀ mọ́."

"Kì í ṣe àrokò, mà. Lẹ́tà ilẹ̀ ibẹ̀ ni, ó jọ pé ọmọ yín ti ń kọ́ èdè wọn. Gbogbo lẹ́tà ayé ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà yẹn ló sì ń rìnrìn àjò. Ó dé ọ̀dọ̀ yín láìyingin. Fóònù yín ni kò mọ ojú rẹ̀, ló bá fi àpótí di àyè rẹ̀ mú."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, àwọn àpótí sì di lẹ́tà róbótó róbótó. Ó ní kí fóònù túmọ̀ rẹ̀.

"'Ìyá' ló kọ."

"Ó di àyè rẹ̀ mú," ni ìyá náà rọra wí.

"Ṣé kí n bá yín kọ èsì?"

"Rárá, ọmọ mi. Àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí gan-an ni kí o bá mi dá padà sí i. Fóònù tiẹ̀ á mọ̀ pé èmi ni."