Egungun Apá Bàálù Tí Mo Fi Orí Ṣẹ́

Bàbá Earl ló kọ́kọ́ sọ ìtàn bàálù aláìnírù fún mi, òun náà ni mo sì ṣẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣí bàálù náà fún aráyé wò, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Káfíńtà ni mí. Hyattsville, nílùú òyìnbó, ni mò ń gbé. Níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn bàálù àtijọ́ ṣe, níbí ní àgbègbè Prince George's, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Earl, òyìnbó arúgbó kan, máa ń wá ràn wá lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó wà lára àwọn tó gbẹ́ igi ọ̀kan nínú àwọn bàálù àkọ́kọ́ tí kò nírù, tí kò sì níkùn: apá lásán.

Ó ní àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ, kò gbéra kọjá ìbàdí ènìyàn. Ó ń sáré lọ, ó sáré lọ, ó kọlu òkìtì kan, ló bá fò sókè. "Ìkọsẹ̀ ló kọ́ ọ ní fífò," ni Bàbá Earl máa ń wí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, èmi a pa iṣẹ́ tì.

Bàálù yẹn gan-an ló dé ọ̀dọ̀ wa. A tú u, a to àwọn egungun apá rẹ̀ sórí tábìlì, ìyẹn àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé awọ apá dúró.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kírun Àsàrí. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé a máa ń gbé nǹkan síwájú kí ẹnikẹ́ni má baà gba iwájú olùkírun kọjá. Mo wò yíká, egungun kan ló wà nítòsí. Mo gbé e nàró síwájú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀wọ̀ Ọlọ́run ni mo rò. Mo fi orí kanlẹ̀, orí mi gbá a, ó ṣubú lórí sìmẹ́ǹtì, ó ṣẹ́ sí méjì. N kò mọ ohun tí mo kà nínú ìyókù ìrun náà.

Ọ̀gá mi ò sí níbẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un nígbà tó dé. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbẹ́ òmíràn, mo fi tíì tó ki pa á láró kó lè jọ ti àtijọ́, bí bàbá mi ti máa ń ṣe sí àbùlẹ̀ ara ilẹ̀kùn l'Ọ́yọ̀ọ́, mo sì tò ó mọ́ àwọn yòókù. Èyí tó ṣẹ́ wà nínú búùtù mọ́tò mi. Ó ń bá mi lọ sọ́jà, ó ń bá mi lọ sí mọ́sáláṣí.

Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rí i níbi tó ti fẹ́ kó ìrẹsì sí búùtù. Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Sùúrà, bàálù yìí kọlu òkìtì, kò fọ́. Orí yín ló wá ṣẹ́ ẹ."

"Bò mí láṣìírí, jọ̀ọ́."

"Ẹ lọ bá bàbá òyìnbó yẹn."

N kò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Earl wá yẹ iṣẹ́ wò. Ó ń fọwọ́ kan àwọn egungun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan tèmi, ó dúró. Omi kún ojú rẹ̀.

"Sule, èmi ni mo gbẹ́ èyí. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àwọn tó kù, ọ̀rẹ́ mi kan ló gbẹ́ wọn, ọ̀lẹ ni. Ẹ̀yin káfíńtà ìsinsìnyí, ṣé ẹ lè gbẹ́ irú rẹ̀?"

"A ò lè gbẹ́ ẹ, sà," ni mo wí.

Ọ̀gá mi gbọ́. Ó ní kí a má fi awọ bo ibẹ̀, kí èrò lè rí i, kí a sì kọ orúkọ Bàbá Earl sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá ti ra kóòtù tuntun. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé kámẹ́rà fídíò bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Tí mo bá rántí bí ìyàwó mi ṣe rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú a tì mí. Tí mo bá dákẹ́, ara igi irọ́ mi ni orúkọ Bàbá Earl yóò wà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti gba ayọ̀ lọ́wọ́ arúgbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ baba tiyín ni, ṣé ẹ ó fẹ́ kí n sọ fún un kí Sátidé tó dé?