Pákó Méjì Tí Mo Yọ Lẹ́nu Afárá Àwọn Aláìnílé

Ẹ̀bùnolú Àbẹ̀kẹ́, ọmọ atukọ̀ má-rí-ìgbì-sá, ọmọ a-fi-ẹja-yíyan-ṣàlejò, ọmọ omi tí kì í gbẹ lójú odò, ìyàwó mi, ti kú. Ẹnu mi kò yẹ lẹ́nu tó ń ki oríkì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Nítorí pé níbi òkú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yìn mí pé èmi ni mo kọ́lé fún aláìnílé ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyìn yẹn ń rùn sí mi nímú.

Nígbà tí a ṣì ń jẹ nínú ìkòkò kan ní Ayétòrò, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ pé "tèmi ni", káfíńtà ni mí. Mo ní ilé ńlá kan lórí omi tí a ti ń kan ọkọ̀. Ẹ wò ó, mo tún ti kọ "mo ní". Ìlú ló ni ín.

Òkun gbé ilé àwọn kan lọ níhà Aráròmí. Wọ́n kó ọmọ, ẹní àti adìẹ wá bá wa. Ẹ̀bùn àti ìyá rẹ̀ wà nínú wọn. Bàbá Ọmọ́yẹlé, àgbà tó ń ṣètò iṣẹ́ wa, ní kí n kó irinṣẹ́ mi jáde, kí n gé ilé náà sí yàrá fún wọn. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Mo gé e. Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọn ò lọ. Inú oòrùn ni mo ti ń rẹ́ pákó. Nínú ọkàn mi, pàǹtí òkun ni mo ń pè wọ́n. Èmi tí mo ń kọrin ìfẹ́ nílé àdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́.

N kò lè ní kí wọ́n kúrò. Níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ tiwa, kí ni mo fẹ́ wí? Ìwà ojo ló kù. Ní ọjọ́ kan tí gbogbo ìlú wà nílé àdúrà, mo yọ pákó méjì níbi tí afárá ìlú ti kan ẹnu ọ̀nà wọn. Mo rò pé bí wọ́n bá ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ilé oúnjẹ tí gbogbo ìlú ti ń jẹun, yóò sú wọn, wọn á wá ibòmíràn lọ.

Bàbá Ọmọ́yẹlé bi mí. Mo ní pákó náà ti jẹrà, mo ń wá igi tó dára. Túyì, ẹni tí a jọ ń kan ọkọ̀, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Káfíńtà, àbí àwọn àlejò rẹ ló fi pákó jẹ púpurú?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Pákó tó le bí irin, abẹ́ ẹní mi ló wà.

Wọn ò lọ. Wọ́n gbé igi àgbọn kan dábùú. Iye Ẹ̀bùn, bí a ti ń pe ìyá rẹ̀, ń gba orí igi náà bọ̀ láti ilé oúnjẹ, abọ́ púpurú gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ti mú igi náà yọ̀. Ó ṣubú, orí rẹ̀ lu òpó, omi gbé e. Túyì bẹ́ sómi. Nígbà tó fi máa gbé e gòkè, ó ti kú.

Èmi ni wọ́n ní kí n kan pósí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ìwé yìí nù: pákó méjì yẹn ni mo fi ṣe ìsàlẹ̀ pósí náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ẹ̀bùn wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbà wá sílé, ẹ tún ṣe ilé ìkẹyìn fún Iye mi." Mo ní kó dìde. Ìdúpẹ́ yẹn ló di ìgbéyàwó, ó di ọmọ márùn-ún. Bí àwọn ọmọ bá bèèrè ìyá àgbà, Ẹ̀bùn á ní òjò ló pa á. Èmi á máa wo ilẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí n gbọ́wọ́ lé òun lórí kí n gbàdúrà. Mo gbọ́wọ́ lé e. Ọ̀rọ̀ pákó méjì náà dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Ẹ má bá mi kẹ́dùn, kò tọ́ sí mi. Ẹ kàn sọ fún mi: ṣé kí n jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ pé bàbá wọn ló pa ìyá ìyá wọn, àbí kí wọ́n máa bá mi ṣọ̀fọ̀ bí ẹni rere? Ọmọ́wùmí, àkọ́bí wa, ṣì ń bu omi ìwẹ̀ fún mi láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

A sin Ẹ̀bùn ní ọjọ́ Ẹtì, ní Ìgbọ́kọ̀dá, nítorí òkun ti gba itẹ́ òkú wa.