Nọ́ńbà Keje Tó Wà ní Ìṣẹ́tí Ìró

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí: ohun rere tí o bá ń pe ará òde sí, ará ilé rẹ ni kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ọlọ́hun Ọba bi wá nínú Súrátù Sọ́fù pé, ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, kí ló dé tí ẹ ń sọ ohun tí ẹ kì í ṣe? Kì í ṣe kèfèrí ni Ó bi o. Àwa tí à ń kírun ni.

Ìlú kan wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ará ibẹ̀ wà láàrin yín. Àlàájà Sùwẹ́bátù ni Ìyá Àdínnì ibẹ̀. Ẹ má rò pé ìkà ni mo fẹ́ ròyìn. Obìnrin gidi ni. Bí aboyún bá kú ládùúgbò, òun ni í wẹ̀ ẹ́, òun ni í fi lìkáfánì wé e. Lọ́dún kan ó wẹ mẹ́rin, ó sì dùn ún dé egungun. Nígbà tí Ọjọ́ Ìlú wá ń bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń pàtẹ aṣọ òfì, tí àwọn ẹgbẹ́ ń kọ wákà, tí ọmọ ìlú ń ti ìdálẹ̀ wálé, Àlàájà lọ bá ọba. Ó ní tọdún yìí kò ní jẹ́ ti ijó àti oúnjẹ nìkan. Ó ní àwọn obìnrin yóò ṣe ìwọ́de kí ìjọba lè fi dókítà sí ilé ìwòsàn àwọn, àwọn nọ́ọ̀sì yóò sì wá jókòó síwájú ilé òun, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ènìyàn. Ọba gbà. Ṣé kò dára? Ó dára púpọ̀.

Ẹ máa bá mi bọ̀. Àlàájà ní ìyàwó ọmọ kan, Ráfátù lorúkọ rẹ̀, oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Mókùwá, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló fi ìyàwó sí. Amánà ni, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Amánà.

Lọ́jọ́ náà Ráfátù ti dáná àlejò kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe dé, ó lọ gba nọ́ńbà, nọ́ńbà keje bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n iwájú ilé ta ni bẹ́ǹṣì wà? Iwájú ilé ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kúkú mọ ibi tí mò ń lọ. Baálé dé, Ráfátù dìde fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ dé, ó dìde. Àfáà kan tó wá bá wọn ṣí ètò dé, ó dìde, àfáà náà sì ṣàdúà fún un pé Ọlọ́hun á sọ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí nǹkan kan kò ṣe, tó kàn fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe ń fún ènìyàn lápá, òun náà dé. Ráfátù dìde. Ṣebí gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ ni í jẹ́ ọkọ fún un, lọ́kùnrin lóbìnrin? Nígbà tó fi máa di ìrun Àílà ọ̀sán, ó ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbé omi fún àlejò.

Wákàtí yẹn gan-an ni Àlàájà gba makirofóònù. Ó ní bí aboyún bá sọ pé ẹsẹ̀ òun wú, pé orí ń fọ́ òun, pé nǹkan ń kọ mànà lójú òun, kí wọ́n má pè é ní ọ̀lẹ, kí wọ́n sáré gbé e wá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n fi wákà gbè é.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun àti Ráfátù ti pàdé.

“Màmá, ẹ má bínú. Orí ń fọ́ mi láti àná. Nǹkan sì ń kọ mànà lójú mi.”

Àlàájà gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó gbọ́ ọ ketekete, ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ni wọ́n dá padà fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn àlejò pàtàkì ń wọlé lọ́wọ́. Ó rò ó pé bí òun bá fa ìyàwó òun síwájú èrò, ayé á ní torí ará ilé òun lòun ṣe ṣètò ọ̀hún.

“Onílé ni ẹ́, ìyàwó mi. Jẹ́ kí àwọn àlejò ṣe tán ná. Bá mi bu omi fún wọn.”

“Ó dáa, mà.” Ó kúnlẹ̀, ó tún gbé ikùn yẹn dìde.

Ṣé ìkà nìyẹn? Rárá. Ẹnu ayé ni Àlàájà bẹ̀rù. Ṣekárími ni, ẹ̀yin ará, ó sì lè wọ inú iṣẹ́ rere lọ jókòó láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é mọ̀.

Kò tíì tó ìrun Àlàsárì tí wọ́n gbọ́ ìró àwo nílẹ̀. Gìrì ti gbé Ráfátù. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, ibi tí wọ́n jókòó sí kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ. Èyí tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo ẹ̀rọ, ó wo Àlàájà, ó bèèrè bóyá láti àárọ̀ kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n fún un. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Kánópì àti àga ti dí títì pa, àwọn tó wà lókè ọ̀nà sì ń jó, wọn kò mọ nǹkan kan. Ọ̀nà ló kú sí, tòun tọmọ inú rẹ̀. Ìnnà lìlláhì wa ìnnà ìlaéhì rájíúnà.

Àwọn obìnrin ní kí Àlàájà lọ jókòó, àwọn á wẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Nígbà tó ń tú ìró lára òkú, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó ní ìṣẹ́tí, bí àwọn obìnrin wa ṣe máa ń di nǹkan sí i. Ó tú u. Bébà nọ́ńbà ni, òógùn ti rin ín, ṣùgbọ́n eéje orí rẹ̀ ṣì hàn. Ráfátù ti di í mọ́ra látàárọ̀, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Nọ́ńbà inú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ti kọjá ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí a dé láti itẹ́ òkú, àwọn ènìyàn ń ṣìpẹ̀ fún un. Wọ́n ní obìnrin tó bá bá oyún lọ, ṣàhídì ni, ó kú sójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Òótọ́ sì ni, Ànábì ló sọ bẹ́ẹ̀. Àlàájà la ọwọ́ rẹ̀, bébà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

“Mo mọ̀. Ṣàhídì ni òun. Èmi ńkọ́?”

Wọ́n yíjú sí àfáà tó wà níbẹ̀, àfáà tẹjú mọ́lẹ̀. Èmi ni àfáà náà. Èmi ni mo dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí aboyún dìde fún. Mo jókòó síbi tó dìde, mo ṣàdúà fún un, mo na apá mi sí nọ́ọ̀sì. Ara mi le. Títí di òní ni mo ń bi ara mi ní ìbéèrè Àlàájà.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá ní aboyún nílé níbí, kó dìde báyìí, kó lọ bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí. N kò ní bínú, wáàsí ti parí fún onítọ̀hún. Ọlọ́hun Ọba, má jẹ́ kí ohùn wa ròkè lóde kí ará ilé wa máa kú sí etí wa. Fi ọ̀nà mọ̀ wá. Kẹ́ Ráfátù, kẹ́ ọmọ rẹ̀, tu Àlàájà nínú, kí O sì forí jin èmi tí mo jókòó. Àmín.