Omi Àlùwàlá Kọ́ Ló Ba Rédíò Káyọ̀dé Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tán tẹ́ ẹ sì fẹ́ bú mi, ó tọ́ sí mi. Láti nǹkan bí ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n kọ̀wé, torí inú ń bí mi. Ara mi gan-an ni inú ń bí mi sí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ kan ní agbègbè Ifọ̀ ni mo lọ. Họ́sítẹ́ẹ̀lì là ń gbé, àwa mẹ́jọ nínú yàrá kan. Òfin wà pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gbọdọ̀ mú rédíò, tẹlifíṣọ̀n tàbí ohunkóhun tó ń kọrin wọlé. Ẹ gbọ́ dáadáa o, akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ni ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì gba rédíò kékeré oníbátìrì tí bàbá mi fún mi. Ó ní màá gbà á tí n bá ń lọ sílé. N ò rí i gbà títí mo fi jáde.

Ní sáà kejì, Káyọ̀dé dé. Bàbá rẹ̀ lówó, ó sì mọ ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé tó wà lókè òkun ti fi rédíò ńlá kan ránṣẹ́ sí i, oníkásẹ́ẹ̀tì méjì, tó ní sípíkà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fúnra rẹ̀ ló bá a gbé e wọlé. Ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó má kàn jẹ́ kó pariwo jù. Àṣé ọmọ tálákà nìkan ni wọ́n ṣe òfin fún!

Ẹ wá wo ohun tí Káyọ̀dé fi ojú wa rí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin gbọ́dọ̀ bá a fọṣọ tàbí kó bá a pọnmi. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n fẹ́ sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, mo fa omi garawa mẹ́rin fún un ní kànga. Bí mo ṣe jókòó báyìí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yàrá kejì wọlé, ló bá ní kí n dìde fún wọn. Ó ní, "Ṣebí o ti gbọ́ díẹ̀." Ìdí mi ò tíì gbóná lórí àga o! Mo jáde, mo lọ dúró lẹ́yìn fèrèsé bí ẹni tó wá tọrọ jẹ.

Mo ní màá fojú ẹ̀ rí nǹkan.

Bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà lẹ́yìn rédíò náà, wọ́n kọ 110 àti 240 sí i. Iná tiwa níbí, 240 ni. Téèyàn bá yí i sí 110, iná tó máa wọlé á pọ̀ ju èyí tí rédíò náà lè gbà lọ. Olùkọ́ wa ti ṣàlàyé ẹ̀ fún wa ní kíláàsì, nítorí náà n ò ní parọ́ fún yín pé n ò mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí kò síná, tí kò sì sẹ́nìkankan ní yàrá, mo fi ẹnu báírò yí i.

Sulaimọ̀n, tí gbogbo wa ń pè ní Sùlè, ni ọ̀rẹ́ mi jù níbẹ̀. Ọmọ Mowe ni. Ẹ̀ka iná la jọ wà, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kódà àwọn olùkọ́ máa ń gbé áyọ́ọ̀nù wọn fún un kó bá wọn tún un ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán fún ìrun Alásárì nígbà tí iná dé. Káyọ̀dé tó nà sórí bẹ́ẹ̀dì sọ pé, "Sùlè, jọ̀ọ́, bá mi ki pọ́lọ́ọ̀gì yẹn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì." Mo wà níbẹ̀. Mo ń wò ó. Sùlè ki pọ́lọ́ọ̀gì náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Rédíò náà kùn, ó ta pàrà, èéfín bo yàrá.

Gbogbo wọn sá jáde. Èmi ni mo dúró tí mo fa pọ́lọ́ọ̀gì yọ, wọ́n tiẹ̀ ń yìn mí pé mo láyà. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀ sí jù nìyí. Kí wọ́n tó padà wọlé, mo ti yí bọ́tìnnì náà padà sí 240.

Atúnrédíòṣe tí wọ́n pè wá láti Àgbàdo tú u, ó ní inú ẹ̀ ti jó tán. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní ibẹ̀ ò níṣòro. Ni Káyọ̀dé bá pariwo pé omi wà lọ́wọ́ Sùlè. Ọ̀gá họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọkùnrin tí kò mọ nǹkan kan nípa iná ju kó tàn án kó pa á lọ, dájọ́ lórí ìdúró pé omi àlùwàlá ló ba rédíò jẹ́. Omi àlùwàlá! Ẹni tó fọwọ́ fọsẹ̀ kó lè kírun ni wọ́n sọ di ọ̀daràn. Wọ́n lé Sùlè kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀ka iná, wọ́n ní kó lọ kọ́ káfíńtà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-omi. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Sùlè gbà wọ́n gbọ́. Káfíńtà ni títí dòní, ní Lotto ní Mowe, iṣẹ́ rẹ̀ sì dáa. Ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan nǹkan iná. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a tan fáànù. Bí gílóòbù bá jó, inú òkùnkùn ló máa jókòó sí títí ẹnì kan á fi dé. Á ní, "Ọwọ́ mi ò bá iná mu." Èmi ńkọ́? Iṣẹ́ iná ni mo fi ń jẹun ní Ibafo. Injinía ni wọ́n ń pè mí! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ogún dáadáa, òótọ́ ò tíì bá a, torí èmi ni mo ń dí i lọ́nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sùlè pè mí wá sílé. Rùkáyà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti rí àyè ní yunifásítì láti lọ kọ́ iṣẹ́ iná. Sùlè yarí. Ó ní ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ó lè wà lọ́wọ́ ọmọ òun, òun ò sì ní la ojú sílẹ̀ kí iná pa á. Ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀, èmi tí mo mọ iná, tí mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. Ó gbọ́ ìtàn náà látẹnu bàbá rẹ̀ tán, ló bá kọjú sí mi.

"Dádì Ibafo, ẹ má bínú o. Tó bá jẹ́ omi ọwọ́ ni, dádì mi ló yẹ kí iná gbé, kì í ṣe kí rédíò jó. Fóltéèjì ló jọ létí mi. Ṣé ẹnikẹ́ni wo bọ́tìnnì ẹ̀yìn ẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n wò ó. 240 ló wà."

Òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ yẹn ni mo fi parọ́ fún un. Sùlè pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ṣó o gbọ́? Injinía fúnra wọn ló sọ ọ́." Ọmọ náà wolẹ̀, ó ní ó ti yé òun. Ó dìde, ó lọ gbé mínírà tútù wá fún mi. Mo mu ún tán.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ọmọdé ló ṣe mí. Àgbàlagbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ló jókòó sí pálọ̀ Sùlè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má sì sọ pé Káyọ̀dé ló fà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi Káyọ̀dé ṣe àwáwí. Káyọ̀dé fi mí ṣe ẹrú omi, òótọ́ ni. Sùlè ńkọ́? Kí ni Sùlè ṣe mí?

Tí mo bá jẹ́wọ́, mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni mo gbà pé màá mú Rùkáyà lọ síléèwé láti yí kọ́ọ̀sì rẹ̀ padà. Bàbá rẹ̀ ní èmi nìkan lòun fọkàn tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pe Sùlè sí kọ̀rọ̀ ni, àbí kí n dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ọmọ rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Sùlè ti gba lẹ́tà yunifásítì náà lọ́wọ́ ọmọ, ọwọ́ mi ló fi í sí.