Odò Tí Wọ́n Fi Pín Fíẹ́tínámù

Nígbà ogun abẹ́lé, lẹ́yìn tí ìbọn ti dún ní Orè, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú lọ́rì tó ń lọ sí Ìkọ̀yà láàárín télọ̀ kan tó gbé rédíò sórí itan àti ìyá elépo tó jókòó tì í.

"Ìyá, odò ni wọ́n fi pín Fíẹ́tínámù. Àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀."

"Ṣé èdè wọn ò bára mu ni?"

"Èdè kan náà ni apá méjèèjì ń sọ. Àwọn ẹ̀yà tí èdè tiwọn yàtọ̀, orí òkè ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé."

"Ta ló wá pín wọn?"

"Àwọn ọ̀gá ló jókòó sílùú òyìnbó, wọ́n fa ìlà sórí máàpù."

Ìyá fọwọ́ ti agolo epo rẹ̀ kó má dànù. "Ọmọ mi wà nílé ọkọ ní Arógbò. Èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, omi sì wà láàárín wa. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Fíẹ́tínámù jìnnà."

"Ṣé Orè náà jìnnà?"

Télọ̀ pa rédíò.

Ìyá ké sí iwájú: "Dẹ́rẹ́bà, dúró. Bá mi já epo yìí l'Ìkọ̀yà. Mò ń lọ bá ọmọ mi kí odò náà tó di ti ẹnì kan."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú, odò tí pẹ́pẹ́yẹ ń fẹsẹ̀ rìn kọjá ló wà láàárín ilé mi àti oko mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹní kan lọ sóko, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ nílé, kí n má bàa sùn sílẹ̀ lásán bí ìlà bá ká mi mọ́ apá kan.