Ohùn Gìtá Bọ̀ọ̀dá Akin Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ. Ohun kan ti wà láyà mi láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, n kò sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, ẹnì kan fẹ́ jẹ́rìí nínú ìjọ wa, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bó ṣe rò ó.

Ìdànrè ni mò ń gbé, ní Òdòde. A kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Bàbá mi wá láti apá Ọ̀ṣun wá ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Aládé, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bọ̀ọ̀dá Akin, ọmọ onílùú, ló mú mi wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun. Òun ló ń ta gìtá, òun náà ló sì kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìgbà yẹn ṣe rí, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Bọ̀ọ̀dá Akin á ti oko dé, á nu omi kòkó tó lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò, á sì gbé gìtá. A máa ń jókòó sórí àpáta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi tí àwọn ìyá ń sá kòkó sí, wáyà iná á sì gba ojú fèrèsé wá bá wa. Bó bá ti ta okùn kan, òkè tó wà níwájú wa á dá a lóhùn. Ohùn gìtá yẹn tutù, ó kún, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ń fi imú kọrin níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Á di àtàǹpàkò mi mú, á ní kí n má yára, pé orin kò ní sá lọ. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kòkó tútù, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Ohun tó ń fún gìtá náà ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù rẹ̀, àwọn irin kékeré méjì tó wà lábẹ́ okùn, tí wọ́n ń gbé ohùn okùn lọ sínú ẹ̀rọ. Irú tirẹ̀, wọn ò ṣe é mọ́. Èmi náà ti ra gìtá tèmi nígbà yẹn, àmọ́ ó ń dún bí agolo ni.

Nínú ìjọ wa, kò sí ohun èlò orin tó ń wọ ìkórè láì gba omi àdúrà. Wọ́n kàn máa ń wọ́n ọn sí i díẹ̀ ni. Lọ́dún kan, wòlíì tó wá bá wa ṣe ìkórè kò wọ́n omi, ó dà á ni. Gìtá mu omi yó. Nígbà tí a tanná sí i, kò fọhùn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé omi àdúrà ló bà á jẹ́. Ta ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Torí pé mo kọ́ṣẹ́ rédíò, èmi ni Bọ̀ọ̀dá Akin gbé gìtá fún.

Mo tú u nílé. Wáyà kan ló dípẹtà tó sì já. Kò sí ohun tó ṣe àwọn píkọ́ọ̀pù rárá. Kí n fi òjé jó wáyà náà pọ̀, kí n dé e padà, ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò wọ̀ mí. Mo lọ sọ fún un pé wọ́n ti kú, pé àfi ká pààrọ̀ wọn. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá yẹ ọwọ́ mi ni kí o mú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ibi tó burú jù ló kù. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo lọ ní Àkúrẹ́, ọkùnrin tó ń ta píkọ́ọ̀pù bi mí bí ẹni tó ni gìtá ṣe ń ta á sí. Mo ṣàlàyé. Ó mú irú kan jáde tí ohùn rẹ̀ wúwo, ó ní èyí ló máa sún mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ó dán an wò létí mi, òótọ́ ló sọ. Mo dá a padà, mo mú òmíràn tó ń han tín-ín-rín, nítorí n kò fẹ́ kí gìtá méjì máa fọ ohùn kan náà nínú ìjọ. Mo fi tín-ín-rín yìí sí tirẹ̀, mo fi àwọn ti àtijọ́ sí tèmi.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn ti ń yìn mí, wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé ọwọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá Akin á ta tirẹ̀, á dúró láàárín orin, á máa wo ìka ara rẹ̀. Kò fura sí mi rárá. Ó ní ó jọ pé òun ṣẹ Ọlọ́run, pé ẹ̀bùn ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ó gbààwẹ̀. Wọ́n tan àbẹ́là yí i ká, wọ́n fi òróró pa á lọ́wọ́, èmi náà kúnlẹ̀ níbẹ̀, mò ń ṣe àmín. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó gbé gìtá sórí àjà, ó gbájú mọ́ oko. Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin.

Ó ti pẹ́ gan-an. Irun rẹ̀ ti funfun, tèmi náà ti ń hewú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá kí mi, ó bá mi níbi tí mo ti ń ta gìtá tèmi nínú ilé. Ó ní kí n jẹ́ kóun dì í mú. N kò lè kọ̀ fún un. Ó nu ìka rẹ̀ sára ṣòkòtò bó ti máa ń ṣe, ó ta á. Ohùn náà kún gbogbo ilé. Mò ń wo ilẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, ọwọ́ mi ti padà. Ọlọ́run ti dárí jì mí."

Ó fẹ́ jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì fẹ́ fi gìtá tirẹ̀ kọrin ọpẹ́ níwájú gbogbo ìjọ. Ó ní kí n dúró ti òun. Ó gbé gìtá náà kúrò lórí àjà, ó gbé e wá fún mi pé kí n bá òun fi okùn tuntun sí i. Orí tábìlì mi ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti tú gìtá méjèèjì. Mo ti dá àwọn píkọ́ọ̀pù rẹ̀ padà sáyè wọn, mo sì jó wáyà wọn dáadáa. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Gìtá á dún bíi ti àtijọ́, inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá ni yóò máa dúpẹ́ fún, yóò sì kú pẹ̀lú èrò pé ìgbà kan wà tí Ọlọ́run bínú sí òun. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní nílùú yìí lè má fẹ́ rí ojú mi mọ́.

Mo gbìyànjú lánàá. Mo gbé gìtá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń fi epo ra ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ń nà án, tó ń ká a, tó ń kọrin ọpẹ́. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ náà sí mi pé kí n wò ó. Mo dì í mú. Mo fẹ́ sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ yìí rí. Irọ́ ni mo tún pa. Mo ní okùn kò tíì dúró dáadáa, mo sì gbé gìtá padà wálé.

Ọjọ́ Ìsinmi ti sún mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ jù mí lọ, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ bí mo bá tún dé ẹnu ọ̀nà yẹn?